Olúmọ Nìkan Kọ́ Ló Gba Ẹ̀gbá Là

Ó ṣòro kí a tó rí ọmọ ilé ìwé ní ilẹ̀ Yorùbá tí kò gbọ́ orúkọ Olúmọ rí. Bí ọkọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá wọ Abẹ́òkúta, ẹsẹ̀ àpáta náà ló máa kọ́kọ́ dúró sí, ìtàn tí wọ́n á sì gbọ́ níbẹ̀ kì í gùn: ogun ń lé Ẹ̀gbá, Ẹ̀gbá sá wọ abẹ́ àpáta, àpáta bò wọ́n mọ́lẹ̀, ọ̀tá kò rí wọn mú. Wọ́n á gòkè, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á wo òrùlé páànù tó pọ́n bí osùn káàkiri ìlú, wọ́n á sì padà sílé. Ìtàn yìí kì í ṣe irọ́. Àbùkù rẹ̀ ni pé ibi tí ọ̀rọ̀ ti ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ló ti parí. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn ni pé àpáta ṣe tirẹ̀, ó sì ṣe é dáadáa, ṣùgbọ́n ọdún díẹ̀ ni iṣẹ́ náà fi gbà á. Ohun tó mú Ẹ̀gbá dúró títí di òní ni ìfìmọ̀ṣọ̀kan àwọn ìlú tí ogun ti fọ́, odi tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn mọ, àlejò tí wọ́n gbà mọ́ra, àti owó àti ìgboyà àwọn obìnrin wọn. Ẹ̀rí gbogbo nǹkan wọ̀nyí ṣì wà nílùú, kò sì jìnnà sí Olúmọ. Àlejò tó ń dé ibẹ̀ ni kò pọ̀.

Kí Ẹ̀gbá tó mọ Olúmọ, wọ́n ti mọ ìjìyà, wọ́n sì ti mọ bí a ṣe ń bá a jà. Inú Igbó Ẹ̀gbá ni wọ́n ń gbé, ní ọ̀nà Ìbàdàn. Ìbàdàn pàápàá, ìletò Gbágùrá ni kí àwọn jagunjagun tó gbà á. Ọ̀yọ́ ló ń jẹ gàba lé wọn lórí nígbà náà. Ajẹ́lẹ̀ ń bẹ ní ìlú kọ̀ọ̀kan, ohun tó bá sì wù ú ló ń mú. Ní ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún ni Lísàbí Àgbòǹgbò Àkàlà, àgbẹ̀ tó ń gbé ní Ìgbẹ̀ìn, kó àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jọ sínú àáró. Òní, wọ́n á ro oko lágbájá; ọ̀la, wọ́n á ro ti tàmẹ̀dò. Kò sí ajẹ́lẹ̀ tó lè fura sí àwọn tó ń bára wọn ṣiṣẹ́ oko. Nínú àáró yìí ni Ẹgbẹ́ Olórogún, ẹgbẹ́ àwọn jagunjagun, ti yọ, nígbà tí ọjọ́ sì pé, wọ́n dìde lẹ́ẹ̀kan náà sí àwọn ajẹ́lẹ̀, wọ́n pa wọ́n. Ogun tí Ọ̀yọ́ rán wá láti gbẹ̀san kò rí nǹkan kan ṣe. Kí òǹkàwé fi èyí sọ́kàn: kò sí àpáta kankan nínú ìtàn náà. Oko ni, àti àdéhùn. Lọ́dọọdún ni Ẹ̀gbá ń ṣe ọdún Lísàbí, tí wọ́n ń lọ sí Igbó Lísàbí láti bọlá fún un, tó fi hàn pé àwọn fúnra wọn kò ka òmìnira wọn sí ohun tí òkúta bí.

Ogun Òwu ní àwọn ọdún 1820 ló tú Igbó Ẹ̀gbá ká. Lẹ́yìn tí Òwu fọ́, àwọn jagunjagun tó para pọ̀ ṣẹ́gun rẹ̀ yíjú sí Ẹ̀gbá, wọ́n ń tú wọn ní ìlú kan tẹ̀lé èkejì. Àwọn tó kù bá ara wọn ní Ìbàdàn láàárín àwọn tó kó wọn lẹ́rù, níbi tí ọkàn wọn kò ti balẹ̀. Ní ọdún 1830 ni Ṣódẹkẹ́, ọmọ Ìporo, kó wọn wá sí ìdí Olúmọ. Ilẹ̀ náà kì í ṣe ahoro. Àwọn ọdẹ ti ń ṣọdẹ níbẹ̀, Adágbá, àgbẹ̀ ará Ìtòkò, sì ti ń dáko níbẹ̀, ìdí nìyí tí oríkì ìlú fi ń pè é ní oko Adágbá títí di òní. Abẹ́ àpáta ni ọ̀pọ̀ kọ́kọ́ sùn sí. Àlejò ṣì lè rí ihò tí àwọn olóyè fi ṣe yàrá, tí àgbàlagbà gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ kó tó wọ̀ ọ́, ó sì lè fọwọ́ kan àwọn kòtò rubutu tó wà lójú òkúta, níbi tí àwọn obìnrin ti ń lọ nǹkan tí wọ́n fẹ́ sè. Lójú tèmi, kòtò wọ̀nyẹn ni ohun tó ṣe iyebíye jù lórí Olúmọ. Ènìyàn kì í fi òkúta lọ òkúta lọ́jọ́ kan kó jìn tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rí ni wọ́n pé ẹ̀rù kò dá oúnjẹ dúró, pé àwọn obìnrin tí ogun lé wá ń dáná, wọ́n ń bọ́ ọmọ, wọ́n ń bá ayé lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á wo bí ihò náà ti tóbi mọ, kí á sì wo iye ènìyàn tó wá. Ìlú Ẹ̀gbá tó ṣí wá sí Abẹ́òkúta lé ní ọgọ́rùn-ún, ìkọ̀ọ̀kan wọn ló sì kó orúkọ rẹ̀ àti oyè rẹ̀ dání. Aké, Ìjẹmọ̀, Kémta, Ìtòkú, Ìgbẹ̀ìn, Ìkìjà: ìlú ni gbogbo wọn nínú igbó, wọ́n sì tún di àdúgbò ní Abẹ́òkúta, pẹ̀lú àwọn Ògbóni tiwọn, àwọn Olórogún tiwọn, àwọn Pàràkòyí tiwọn tó ń bójú tó òwò. Ní 1834 ni àwọn ará Òwu dé, àwọn tí kì í ṣe Ẹ̀gbá tẹ́lẹ̀, wọ́n sì fún wọn ní ilẹ̀. Ihò àpáta kò lè gba ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún irú ọ̀pọ̀ ènìyàn báyìí. Ohun tó gbà wọ́n ni pé wọ́n fara mọ́ ara wọn láì sí ọba kan tó fi agbára kó wọn jọ. Olórí ogun ni Ṣódẹkẹ́, kì í ṣe ọba. Ọdún 1854, ọdún mẹ́rìnlélógún lẹ́yìn tí wọ́n tẹ̀dó, ni wọ́n tó fi Okukẹnu jẹ Aláké. Àwọn Ọṣilẹ̀ Òkè-Ọnà, Àgùrá àti Olówu náà ṣì ń jọba lórí apá tiwọn títí dòní. Ìlú tó dúró fún ọdún mẹ́rìnlélógún láàárín ọ̀tá, tí kò ní ọba, tó ń fi ìgbìmọ̀ ṣe é, ìyẹn gan-an ni ìyanu tó yẹ kí á máa gbé ọmọ wá wò.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti hàn gbangba jù ni ìhà Àró ní Abẹ́òkúta. Nígbà tí Gezo, ọba Dàhòmì, kó ogun rẹ̀ dé ní ọjọ́ 3 oṣù kẹta 1851, Ẹ̀gbá kò sá wọ abẹ́ Olúmọ. Wọ́n ti fi amọ̀ mọ odi yí ìlú ká, wọ́n sì ti gbẹ́ yàrà sí iwájú rẹ̀. Ogun tó ń bọ̀ kì í ṣe ogun ọmọdé: àwọn jagunjagun obìnrin Dàhòmì, tí òkìkí wọn ti kàn dé Yúróòpù, wà nínú rẹ̀. Àwọn ará Ìṣàgá, tí ogun náà gba ọ̀dọ̀ wọn kọjá, ṣe bí ẹni tó ti gbà fún Gezo. Wọ́n gbà á nímọ̀ràn pé ọ̀sán gangan ni kó kọlu ìlú, kó sì gba ìhà Àró wọlé. Ìyókù odi ìlú ti ń wó nígbà náà. Ìhà Àró gan-an ni wọ́n ti tún ṣe. Ìṣàgá sì ti ránṣẹ́ sí Ẹ̀gbá lábẹ́lẹ̀. Bí Dàhòmì ṣe bọ́ sí ibi tí odi ti le jù nìyẹn, tí oòrùn wà lórí wọn, tí Ẹ̀gbá sì ti ń retí wọn. Ìtàn sọ pé nígbà tí Ẹ̀gbá rí i pé obìnrin ni àwọn kan nínú àwọn tó ń gun odi wọn, inú bí wọn sí i, ìjà náà wá gbóná ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ogun ti fọ́ mọ́ Gezo lórí. Ìṣàgá jìyà oore yẹn: ní 1862, Glele, ọmọ Gezo, fọ́ ìlú wọn. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹta 1864 ni Glele fúnra rẹ̀ wá sí Abẹ́òkúta, odi yẹn náà ló sì tún bá, òun náà sá padà.

Àwọn onígbàgbọ́ Olúmọ á dá mi lóhùn pé àṣẹ àpáta ló gbé ogun ṣubú, pé ẹbọ tí wọ́n rú níbẹ̀ ló mú odi dúró. Àwọn mísọ́nnárì tó wà nílùú nígbà náà sọ pé Ọlọ́run àwọn ló dáhùn àdúrà. N kò ní bá ẹnikẹ́ni du ìgbàgbọ́ rẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni ohun tí ìgbàgbọ́ méjèèjì jọ gbà, pé ènìyàn ló dúró lórí odi. Ẹlòmíràn á ní ìmọ̀ràn àti ìbọn òyìnbó ló ṣe é. Lóòótọ́, Bowen, mísọ́nnárì Onítẹ̀bọmi ará Amẹ́ríkà, wà nílùú ní 1851, ó sì gba àwọn jagunjagun nímọ̀ràn. Ṣùgbọ́n Ẹ̀gbá ti borí Ìjẹ̀bú nínú ogun Owíwí ní 1832, ọdún mọ́kànlá kí mísọ́nnárì Ṣọ́ọ̀ṣì Gẹ̀ẹ́sì tó fẹsẹ̀ tẹ Abẹ́òkúta. Agbára náà ti wà kí ìrànlọ́wọ́ tó dé. Lónìí, bí ẹnì kan bá dárúkọ Àró, ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ tó bẹ̀rẹ̀ ní 1954 ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rò. Ilé ìwòsàn náà ní iyì tirẹ̀ ní gbogbo Áfíríkà, àmọ́ ó dùn mí pé ibi tí a ti pinnu bóyá Abẹ́òkúta á wà tàbí á parẹ́ kò sí nínú ohun tí à ń kó àlejò lọ wò.

Ẹni tí a kò gbọ́dọ̀ fò nínú ọ̀rọ̀ ogun yìí ni Ẹfúnróyè Tinúbú. Wọ́n lé e kúrò ní Èkó ní 1856, ó padà sí Abẹ́òkúta pẹ̀lú òwò rẹ̀, ó sì di ẹni tó ń pèsè ìbọn àti ẹ̀tù fún àwọn jagunjagun. Ní 1864, lẹ́yìn ogun Glele, wọ́n fi í jẹ Ìyálóde Ẹ̀gbá. Orúkọ rẹ̀ ń dún títí dòní. Àmọ́ obìnrin yìí kan náà ṣòwò ẹrú, kì í sì í ṣe òun nìkan. Ẹ̀gbá tí wọ́n ń sá fún akónilẹ́rú ní àwọn ẹrú nínú ilé àti oko tiwọn. Àwọn kan rò pé kò yẹ kí á sọ irú èyí fún àlejò, pé ó máa ba orúkọ ìlú jẹ́. Mo rò pé ìpamọ́ ló ń ba orúkọ jẹ́. Àlejò tó bá wá láti Bàhíà tàbí láti Freetown, tí wọ́n kó bàbá ńlá rẹ̀ gba etíkun yìí kọjá, kò wá gbọ́ ìtàn àwọn ẹni mímọ́. Ó wá mọ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Aké ni ọ̀rọ̀ yìí ti kan ọkàn jù. Láti nǹkan bí 1839 ni àwọn Sàró, àwọn ọmọ Yorùbá tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ akónilẹ́rú tí wọ́n sì kó lọ sí Sierra Leone, ti ń rìn padà wá sí ilé, Ṣódẹkẹ́ sì gbà wọ́n. Òun kì í ṣe Kírísítẹ́nì, bẹ́ẹ̀ ni kò di Kírísítẹ́nì kó tó kú ní 1845. Síbẹ̀ ó gba Freeman ti Mẹ́tọ́díìsì ní òpin 1842, ó gba Henry Townsend ti Ṣọ́ọ̀ṣì Gẹ̀ẹ́sì ní oṣù kìn-ín-ní 1843, tí Andrew Wilhelm, ọmọ Ẹ̀gbá tó ti ṣe ẹrú rí, sì wà pẹ̀lú Townsend. Ní 1846 ni Samuel Àjàyí Crowther, ọ̀kan nínú àwọn Sàró, dé. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ti kọjá láti ìgbà tí wọ́n ti kó o lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821. Kò tíì pé oṣù kan tó wọ ìlú tí ìyá rẹ̀, Àfàlà, fi wá a wá, ní ọjọ́ 21 oṣù kẹjọ. Crowther ròyìn pé ẹnu kò gba ọ̀rọ̀, wọ́n kàn ń wo ara wọn ni. Ìyá náà ti jìyà oko ẹrú tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ní ọjọ́ 5 oṣù kejì 1848 ó wà lára àwọn àkọ́kọ́ tó ṣe ìrìbọmi ní Abẹ́òkúta. Ìdí tí wọ́n fi lè ríra ni pé ìlú kan wà tó ń gba àwọn tí ogun fọ́n ká. Ilé ìsìn St. Peter's ní Aké, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní ìyá àwọn ṣọ́ọ̀ṣì ní Nàìjíríà, ti ọ̀dọ̀ ìjọ àwọn ènìyàn wọ̀nyí ṣẹ̀. Nínú ọgbà rẹ̀ ni Wọlé Ṣóyínká, tí wọ́n bí ní 1934, ti dàgbà, tó fi kọ ìwé rẹ̀ tó ń jẹ́ Aké.

Townsend tẹ Ìwé Ìròhìn jáde ní Abẹ́òkúta ní 1859, ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá. Ní 1867, nígbà tí aáwọ̀ pẹ̀lú ìjọba òyìnbó ní Èkó le, Ẹ̀gbá lé àwọn òyìnbó jáde, wọ́n sì ba ẹ̀rọ ìtẹ̀wé jẹ́, ohun tí à ń pè ní Ìfọ́lé. Ẹ kíyè sí i pé òyìnbó ni wọ́n lé. Àwọn Ẹ̀gbá tó jẹ́ Kírísítẹ́nì kò kúrò nílùú, ìjọ kò sì kú. Mọ́sáláṣí gbogbogbòò tó wà ní Kobiti, ṣọ́ọ̀ṣì Aké, àti ojúbọ Olúmọ jọ wà nínú ìlú kan náà, àwọn ìdílé tó ní ẹsẹ̀ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò sì ṣọ̀wọ́n.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ èyí ni pé iyèméjì tó tóbi jù lórí Olúmọ lónìí jẹ́ ti ẹ̀sìn. Ojúbọ wà lábẹ́ àpáta náà, ìyẹ́ adìẹ àti ẹ̀jẹ̀ tó ti gbẹ sì lẹ̀ mọ́ ara ògiri rẹ̀. Àwọn òbí kan kò fẹ́ kí ọmọ wọn débẹ̀, wọ́n ní ìbọ̀rìṣà ni. Mo bọ̀wọ̀ fún ẹ̀rí ọkàn ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n wíwò kì í ṣe bíbọ. Ẹni tó lọ wo ilé ìsìn ní Róòmù kò di ọmọ ìjọ Àgùdà nítorí rẹ̀. Ẹ̀hónú kejì wúwo ju èyí lọ lójú mi, ti àwọn tó ń bọ Olúmọ ni: pé ìnáwó àti àríyá ti ń sọ ibi mímọ́ di ọjà. Àpáta náà ti di ibi ìgbafẹ́ ìjọba láti 1976, ní 2006 sì ni wọ́n tún un ṣe pẹ̀lú ẹ̀rọ agbéniròkè àti ilé oúnjẹ. Ẹ̀rọ yẹn dára fún arúgbó àti ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn. Ṣùgbọ́n òótọ́ wà lẹ́nu àwọn onísìn, ó sì yẹ kí a gbọ́ wọn: kí ẹnu ọ̀nà ojúbọ jẹ́ ibi tí a kì í ti ya fọ́tò láìgba àṣẹ, kí ọjọ́ ọdún wọn sì jẹ́ tiwọn. Bí a bá pín àlejò sí Aké, sí Àró àti sí Ìtòkú, ẹrù orí Olúmọ náà á fúyẹ́.

Àwọn tó ń rìnrìn àjò ìsìn wọ ilẹ̀ Ẹ̀gbá kò kéré rárá. Ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ ló ń wọ́ lọ sí Rìdẹ́ḿṣọ̀n Káńpù lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé, ilẹ̀ Ẹ̀gbá gan-an. Wọ́n á gbàdúrà, wọ́n á gba ojú ọ̀nà kan náà padà, láì mọ̀ pé ìlú tí àwọn Sàró gbé ìgbàgbọ́ wọn wọ̀ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún kò jìnnà sí wọn. Ó yẹ kí àwọn ìjọ fúnra wọn máa kó ọmọ wọn dé Aké.

Ìtòkú, ní tirẹ̀, kò nílò kí ẹnikẹ́ni pọ́n ọn, nítorí ọjà aṣọ ni, ènìyàn ń bẹ níbẹ̀ lójoojúmọ́. Ohun tí àlejò kì í rí ni bí àdìrẹ ṣe ń di àdìrẹ. Aládìrẹ ẹlẹ́kọ á ro ẹ̀kọ láfún títí á fi ki, á ti ìyẹ́ adìẹ bọ̀ ọ́, á fi ya ara aṣọ funfun, á sá a títí ẹ̀kọ yóò fi gan, kó tó rì í sínú ìkòkò aró. Ibi tí ẹ̀kọ wà, aró kò ní mú un. Bí aṣọ bá ti jáde láwọ̀ ewé, afẹ́fẹ́ á sọ ọ́ di búlúù lójú ẹni. Iṣẹ́ yìí ti fún àwọn obìnrin Abẹ́òkúta lówó lọ́wọ́, owó sì ti fún wọn lóhùn. Nígbà tí ìjọba fẹ́ fòpin sí lílo sódà àti aró òyìnbó ní àwọn ọdún 1930, àwọn aláró kọ̀. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, nígbà tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti kó àwọn obìnrin jọ lórí owó orí, ọjọ́ pọ̀ tí wọ́n fi jókòó sí ojúde ààfin Aké, títí tí Aláké Adémọ́lá fi kúrò nílùú ní 1948. Ní 1950 ló tó padà. Gbọ̀ngàn Ọgọ́rùn-ún Ọdún, tí wọ́n kọ́ ní Aké ní 1930 láti fi ṣèrántí ìtẹ̀dó ìlú, wà nítòsí ibẹ̀. Ọmọ Ẹ̀gbá tó bá dúró láàárín gbọ̀ngàn yẹn àti ààfin yóò lóye ohun kan tí orí àpáta kò lè kọ́ ọ: pé nílùú yìí, a máa ń bi aláṣẹ ní ìbéèrè.

Ẹ̀hónú tó kù ni ti àkókò. Àwọn tó ń ṣètò ìrìn àjò ní àlejò kò ráyè, pé wákàtí méjì ni ọ̀pọ̀ ní, wọ́n sì fẹ́ gòkè. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ nígbà tí ọ̀nà kò dára. Láti 2021 ni ọkọ̀ ojú irin tuntun ti ń rìn láti Èkó sí Ìbàdàn, Abẹ́òkúta sì ní ibùdókọ̀ tirẹ̀, tí wọ́n fi orúkọ Wọlé Ṣóyínká sọ. Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ ní Èkó láàárọ̀ lè gun Olúmọ kí oòrùn tó mú, kó dé Aké, kó ra aṣọ ní Ìtòkú, kó rí Àró, kó sì padà sùn sílé. Ohun tó kù kò ju kí ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn àti àwọn olóyè Ẹ̀gbá fi pátákó ìtàn sí àwọn ibi wọ̀nyí, ní èdè Yorùbá kí ó tó di Gẹ̀ẹ́sì, kí wọ́n sì kọ́ àwọn tó ń tọ́ àlejò sọ́nà ní ìtàn odi, ti Ìṣàgá, ti Àfàlà àti ti àwọn aláró. Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ń kó ọmọ wá ní òpin táàmù, kí ìjọba tó ṣe é, ẹ lè bẹ̀rẹ̀: bí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ lórí Olúmọ, ẹ ní kí awakọ̀ gba ọ̀nà Àró.